Ọjọ́ Tí Mo Béèrè Táyé Lọ́wọ́ Màmá Ìbejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu iṣẹ́ ní Múṣín. Mo kọ́kọ́ ní mi ò ní sọ ọ́ síta, àmọ́ kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọ̀rọ̀, mo sì ti yí orúkọ padà. Ti Táyé àti Kẹ́hìndé nìkan ni mi ò yí, torí ta ló lè yí ìyẹn?

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, fọ́tògíráfà ìgbéyàwó ni mí. Àmọ́ ẹ má tíì sọ pé ẹ mọ irú mi o! Èmi kọ́ ni èyí tó máa ní kí ìyàwó fọwọ́ lẹ́rán, kí ọkọ máa wo sánmà bíi pé ó ń retí òjò. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ ni mò ń yà. Tí ẹ bá ń sunkún, màá yà yín bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń bá àbúrò yín jà nítorí bàtà, màá yà yín pẹ̀lú bàtà náà.

Dọkumẹ́ńtárì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìyá mi ní Sùúrùlérè ní orúkọ tiwọn fún un. Wọ́n ní iṣẹ́ olófòófó tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe ni. Mi ò bá wọn jiyàn.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí: màá tètè dé, màá bọ́ bàtà, màá wá igun kan jókòó sí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń gbàgbé àga. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ni mo fi sọ́wọ́: mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò ti ọkàn rẹ̀ wá.

Ó dáa. Ọmọbìnrin kan pè mí, Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ mi lórí pèéjì mi, àti pé èmi lòun fẹ́ kó wá ya ìdána òun, òun ò fẹ́ ẹlòmíì. A pàdé ní Yábàá, níbì kan tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti tíì. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó máa ń ronú kó tó dáhùn. Ó sọ fún mi nípa ilé wọn ní Múṣín, nípa ìyá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, àti bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, tó ta páàtì ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù sílé pẹ̀lú rẹ̀.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé mi ò ní ní kí òun jókòó síbì kan kí n wá ya òun. Mo ní òótọ́ ni. Ó tún ní, kódà tí ẹnì kan bá bẹ̀ yín ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kódà tí gómìnà bá bẹ̀ mí. Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ojú kámẹ́rà ló ń tì í ni.

Èmi náà wá béèrè tèmi. Ẹ sọ òótọ́ o, tí ẹnì kan bá ní Kẹ́hìndé lòun ń jẹ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ bi í? Mo ní Táyé ńkọ́?

Ó wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Táyé lọ ṣẹ́gi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Sùúrùlérè ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi Ìjẹ̀bú, ìyá mi Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Èkó lèmi. Iléèwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, ìyà ló máa jẹ. Yorùbá tí mo gbọ́, ojú títì ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tó ní Táyé lọ ṣẹ́gi, igi ni mo gbọ́! Igi ìdáná, fún ọjọ́ ìdána! Mo rò ó pé gáàsì ti wọ́n, àwọn tó ń se oúnjẹ àlejò púpọ̀, igi ni wọ́n ṣì ń lò. Mo ní ọmọ gidi ni Táyé yìí, èkejì rẹ̀ ń wá fọ́tògíráfà, òun ń wá igi.

Mo tiẹ̀ bi í bóyá ibi igi yẹn jìn. Ó wò mí, ó ní ó jìn díẹ̀. Mo ní á jẹ́ pé yóò ti dé kó tó di ọjọ́ náà. Ó kàn gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu. Àgbẹ̀ tó lóun ò mọ ewé ìsápá sàn jù mí lọ níjọ́ yẹn.

Látìgbà náà ni mo ti ń ro fọ́tò kan lọ́kàn. Mo ń rí ìbejì méjì níwájú dígí, ọ̀kan ń wé gèlè fún èkejì. Ẹ ò mọ bí irú ẹ̀ ṣe ṣòro rí. Èèyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí títí kó má bá irú ẹ̀ pàdé.

Ọjọ́ ìdána pé, mo dé Múṣín láàárọ̀. Mo béèrè ilé lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní oríta. Ó ní ṣé ilé Màmá Ìbejì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òkè ni wọ́n ń gbé. Bí mo ṣe wọ pálọ̀, mo rí fọ́tò ńlá kan lára ògiri: àwọn ọmọbìnrin kéékèèké méjì, aṣọ kan náà, wọ́n jókòó lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo dúró wò ó. Mo ní àwọn rèé o.

Yàrá kan wà lẹ́yìn pálọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọ̀, ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé jókòó sí. Ọmọbìnrin kan ń ṣe ojú rẹ̀ lóge. Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ń lọ aṣọ. Màmá Ìbejì fúnra wọn ń wọlé, wọ́n ń jáde, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n ní kí n jẹun. Mo lọ jókòó sí igun mi.

Mo ń ṣiṣẹ́ mi lọ. Mo ya ọwọ́ Àǹtí Rónkẹ́ lórí áyọ́ọ̀nù. Mo ya Màmá níbi tí wọ́n dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń wo ọmọ wọn látẹ̀yìn, tí wọn ò mọ̀ pé mò ń wo àwọn náà. Àmọ́ ọkàn mi kò sí níbẹ̀ tán. Táyé ò dé. Oòrùn ń gòkè, ìmọ́lẹ̀ tó dára yẹn ń kúrò lójú dígí. Àní kí ló ń ṣe níbi igi?

Èmi tí mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo la ẹnu mi. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, Táyé ò tíì ti ibi igi dé ni? Mo fẹ́ ya àwọn méjèèjì pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ yìí tó lọ."

Ọmọbìnrin tó ń ṣe ojú lóge gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró lókè. Àǹtí Rónkẹ́ gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ títí òórùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kẹ́hìndé di ojú rẹ̀.

Màmá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. Wọ́n bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló sọ fún mi pé ó ń bọ̀. Mo ní Kẹ́hìndé ló ní ó lọ ṣẹ́gi, mo wá rò pé yóò ti dé. Màmá wò mí títí. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n jáde.

Àǹtí Rónkẹ́ mú mi lọ́wọ́ lọ sí bákónì. Wọn ò bú mi o. Wọ́n kàn bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Èkó. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní nílé àwọn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó máa la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi ni, kí èyí tó kù má baà gbọ́, kó má lóun fẹ́ bá èkejì òun lọ. Wọ́n ní ibà ló mú Táyé lọ kí wọ́n tó fi àwọn méjèèjì síléèwé.

Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, inú rẹ̀ ni mi ò bá kó sí! Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ gbé báàgì mi kí n máa lọ sílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo bi ọmọ yẹn bóyá ibi igi jìn? Ó sì dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ṣì ń ro bí mo ṣe máa bẹ Màmá nígbà tí wọ́n ní kí n wá. Yàrá tí máṣíìnì ìránṣọ wọn wà ni mo bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí n tó wọlé tán. Mo ní ẹ má bínú mà, mi ò mọ̀ ni.

Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní inú ò bí àwọn rárá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti dárúkọ Táyé lójú àwọn. Gbogbo èèyàn ló ń ṣọ́ ẹnu, àbúrò àwọn pàápàá ń ṣọ́ ẹnu. Wọ́n ní, "Ìwọ dé, o ní ṣé kò tíì dé ni. Bí ẹni tó jáde tó ń bọ̀. Òun ló rán ọ sí mi."

Ìgbà yẹn ni mo tó dìde lórí ìkúnlẹ̀ mi.

Màmá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Aṣọ òfì ìyàwó méjì ló wà níbẹ̀, àwọ̀ kan náà, bùbá méjì, gèlè méjì, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán. Wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti bí wọn, ohun tí àwọn bá ti ṣe fún ọ̀kan, àwọn ti ṣe fún méjì. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe rèé: kí n ya Kẹ́hìndé nínú aṣọ àkọ́kọ́, lórí ìjókòó, lápá ọ̀tún. Kó wá dìde, kó wọ èkejì, kó jókòó lápá òsì, kí n sì so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ṣe ti pálọ̀ yẹn.

Ti pálọ̀ ọ̀hún! Orí mi wú. Ọmọ kan ṣoṣo ni! Ọ̀kan ṣoṣo tó jókòó lẹ́ẹ̀mejì!

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní àwọn onísítúdíò àtijọ́ máa ń ṣe é fún ìyá ìbejì tí ọ̀kan bá ti lọ. Lórí kọ̀ǹpútà lónìí, kò le rárá. Wàhálà ibẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú.

Màmá ń sọ̀rọ̀ lọ, wọn ò wo ojú mi, aṣọ kejì ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ́. Wọ́n ní tí àwọn bá fa Kẹ́hìndé nìkan fún ọkọ, kí ni àwọn fẹ́ sọ fún èkejì rẹ̀? Pé àwọn gbàgbé tirẹ̀? Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìbejì kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Tó bá bínú, ó lè pè é. Èyí ni mo ní. Èyí nìkan ló kù mí kù."

Mo wá rí i pé kì í ṣe fọ́tò ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún. Ẹ̀mí ọmọ wọn ni wọ́n ń bẹ̀ fún. Obìnrin yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán aṣọ lé ẹ̀rù lórí.

Wọ́n tún fi kan kún un: kí n má sọ fún Kẹ́hìndé pé torí Táyé ni. Kí n ní sítáìlì tèmi ni. Háà! Mo rántí Yábàá, mo rántí bó ṣe mí kanlẹ̀. Ìyàwó tó torí pé mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni jókòó síbì kan pè mí, òun ni wọ́n fẹ́ kí n tàn jókòó. Ìyá tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì níwájú mi, òun náà ni mo fẹ́ kọ̀ fún. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó, kí lẹ máa ṣe? Mo ní Màmá, ẹ jẹ́ kí n dé ná. Mo jáde bí ẹni tó jalè.

Kẹ́hìndé rí ojú mi nínú dígí. Ó bẹ àwọn tó kù pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwa méjì. Ó ní, "Wọ́n ti bẹ̀ yín, àbí? Pé kí ẹ yà mí lẹ́ẹ̀mejì."

Irọ́ ò mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò bínú. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka nǹkan tó ti há sórí. Gbogbo ọjọ́ ìbí ni wọ́n máa ń mú òun lọ sí sítúdíò. Òun á jókòó lọ́tùn-ún, òun á dìde, wọ́n á yí irun òun padà, òun á jókòó lósì. Ó ní, "Tí mo bá ti bọ́ sí apá kejì, Táyé ni Màmá máa ń pè mí. Màá sì dáhùn." Ó ní òun ò rántí ojú Táyé mọ́. Gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò, ojú òun ni. Wọ́n ti fi ojú òun dí ààyè ojú àbúrò òun, òun ò sì mọ ibi tí òun ti lè wá ti Táyé rí.

Ó ní òun fẹ́ ọjọ́ kan péré tí wọn ò ní ní kí òun dìde lọ jókòó sí apá kejì. Omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní láti kékeré lòun ti rò ó pé bóyá òun nìkan ò tó Màmá ni.

Ẹ rántí o, iṣẹ́ mi ni kí n dákẹ́, kí n máa wò. Àmọ́ mi ò lè dákẹ́ sí èyí. Mo fà á lọ́wọ́, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Màmá fún un. Mo ní ẹ̀rù ló ń ba ìyá ẹ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé Táyé á bínú, á pè ọ́. Mo ní torí kí wọ́n má pàdánù rẹ ni wọ́n fi ń rán gbogbo aṣọ yẹn.

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò mọ̀! Ọmọ àti ìyá, nínú ilé kan náà, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu, ẹnì kan ò sọ fún ẹnì kejì ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kẹ́hìndé dìde bó ṣe wà, ìpéǹpéjú àtọwọ́dá lójú kan, èkejì kò ní, ìró àárọ̀ lásán nídìí rẹ̀. Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Mo fi ojú bi í bóyá kí n tẹ̀ lé e. Ó ní kí n máa bọ̀.

Màmá ṣì dúró ti aṣọ kejì yẹn. Kẹ́hìndé kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, nínú èmi àti Táyé, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Màmá ní, "Ìwọ ni."

"Ta ló rán an wá sáyé?"

"Ìwọ lo rán an, pé kó lọ tọ́ ayé wò fún ọ."

"Ṣé ó jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an?"

"Ó jẹ́ ẹ."

Ẹ̀yin tó mọ àṣà wa mọ ohun tó ń sọ. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ Kẹ́hìndé ni àgbà, torí àgbà ló ń rán ọmọdé níṣẹ́. Kẹ́hìndé yí ojú sí aṣọ òfì kejì náà, ó bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá àbúrò ẹni sọ̀rọ̀, láìpariwo, láìbẹ̀rù.

"Táyé, èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Mò ń lọ sílé ọkọ mi. Mo tún fẹ́ rán ẹ níṣẹ́ kan. Dúró ti Màmá. Má bá mi lọ, má sì pè mí. Ìgbà tí mo bá wá kí wọn, àwa mẹ́ta la ó jọ wà."

Màmá wo aṣọ, wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n wá béèrè, bí ọmọdé ṣe máa béèrè nǹkan, pé ṣé ó máa gbà.

"Àbúrò mi ni, Màmá. Kò lè kọ̀ fún mi."

Màmá jókòó sílẹ̀ lórí àga máṣíìnì wọn, wọ́n bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìkọ̀kọ̀ o, ẹkún tó jáde dé pálọ̀ ni. Kẹ́hìndé fi orí lé wọn lẹ́sẹ̀, òun náà ń sun tirẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, Màmá mú aṣọ kejì yẹn, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e sínú àpótí ara wọn. Wọ́n ní ó dáa, kó máa bá àwọn gbé. Wọ́n wá nu ojú ọmọ wọn, wọ́n ní Kẹ́hìndé, dìde, àwọn àna ẹ ti ń bọ̀. Kẹ́hìndé nìkan ni wọ́n pè.

Ṣé mo yà á? Mo yà á. Iṣẹ́ mi ni. Àmọ́ mo fi ẹnu ọ̀nà ṣe ibùdúró, mo sì ń nu ojú mi kí n tó lè rí inú kámẹ́rà. Ẹ má wá fọ́tò yẹn lórí pèéjì mi o, ẹ ò ní rí i. Ti ìyá àti ọmọ ni.

Ìdána náà lọ dáadáa. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ojú lóge kùn díẹ̀ nítorí ó ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó ní ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n fẹ́ sun ẹkún ọdún yìí tán ni. Àwọn àna dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde. Mo yà wọ́n bí wọ́n ṣe wà.

Nígbà tí álíbọ́ọ̀mù parí, mo gbé e lọ sí Múṣín fúnra mi. Màmá nìkan ni mo bá nílé, wọ́n ń rán aṣọ oníbàárà kan. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú álíbọ́ọ̀mù yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ọkàn wọn bá yí padà ńkọ́? Tí wọ́n bá ní níbo ni mo gbé èkejì sí?

Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé ibi fọ́tò kan tí Kẹ́hìndé ti ń jẹ pọ́fùpọ́fù lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹnu rẹ̀ kún, ó ti bọ́ bàtà, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Màmá dúró lórí rẹ̀. Wọ́n sún un mọ́ ojú wọn, wọ́n fi ìka tẹ àgbọ̀n ọmọ náà.

Wọ́n ní, "Bàbá ẹ̀ ló jọ."

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí, ó yà wọ́n lẹ́nu gidi. Wọ́n ní, "Wò ó, ẹ̀rín bàbá ẹ̀ gan-an nìyí. Mi ò rí i rí."

Ẹ gbọ́, mo ti gba oríṣiríṣi ìyìn lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn dé lára mi. Ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n tọ́, tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wò ó, èkejì ni wọ́n ń wá lójú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu la fi ń kọ "mé jẹ". Kẹ́hìndé ò la ẹnu kọ̀ rí, Màmá ò la ẹnu sọ ẹ̀rù wọn rí, ìfẹ́ ló sì wà láàárín wọn láti ọjọ́ yìí wá. Ìfẹ́ ò ní kéèyàn méjì má ṣi ara wọn gbọ́. Èmi náà ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tó ń wò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé àìgbọ́ Yorùbá ló máa kọ́kọ́ mú un sọ ọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ohun tí wọn kì í dárúkọ nílé yín, tó jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ ọ ni gbogbo nǹkan tó yé yín? Ẹ̀yin ìbejì tó wà níbí, mo fẹ́ gbọ́ tiyín jù. Tí ìyá yín bá sì wà láyé, ẹ bi wọ́n lónìí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nípa yín, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí ohun tí wọ́n sọ.